Ìyá Ìbejì, ẹ má fi ìmòòkùn kádìí ìrìn àjò yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Zanzibar fún ọjọ́ mẹ́fà nínú oṣù kejì, láti fi ṣàjọyọ̀ ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa. Ó ti san àsansílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan ní Mnemba, erékùṣù kékeré kan níbẹ̀: ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà snorkel, ìyẹn kí èèyàn ki ojú bọ omi, kó máa fi páìpù mí lójú omi. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó padà sílé ni wọ́n fi sí, aago márùn-ún ìdájí ni bàálù wa á sì gbéra. Èmi ò mọ̀wẹ̀. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. AS ni ẹ̀jẹ̀ tèmi. Mo sì fẹ́ dirun lọ. Màmá mi ní kí n má dán an wò, pé èèyàn kì í lọ ṣèran wò nílé Olókun. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó sétí òkun kí n máa wò wọ́n? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú oríire ọdún kẹwàá, a ó tún ṣe púpọ̀ sí i láyọ̀. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun lónìí, ẹ pe àwọn tí ẹ sanwó fún, kí wọ́n gbé ọjọ́ ìmòòkùn náà wá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò yín. Bí wọ́n ṣe tò ó yẹn léwu. Kì í ṣe tìtorí pé ẹ ò mọ̀wẹ̀. Tìtorí bàálù aago márùn-ún ìdájí yẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí bí ẹ bá yé èyí, gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ á yé yín. Ohun tó wà nínú ìgò tí amòòkùn ń gbé sẹ́yìn kì í ṣe oxygen, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí nílé náà ni, tí ẹ̀rọ kàn kì mọ́lẹ̀ sínú irin. Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ yẹn, nǹkan bí 21 ni oxygen, nǹkan bí 78 sì ni nitrogen. Lórí ilẹ̀, nitrogen ò ṣe wá ní nǹkan kan. Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Nínú omi, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní mítà 10, ìwúwo tó ń tẹ ara jẹ́ ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Bí ìwúwo ṣe ń pọ̀ sí i ni nitrogen ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara.

Ẹ wo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a kò tíì ṣí. Ẹ ò ní rí ìfóòfó kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gáàsì kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá rọra tú ìdérí rẹ̀, á kàn dún ṣíì, ó tán. Bí ẹ bá já a lójijì, á hó sórí tábìlì. Ara amòòkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi dà bí ìgò yẹn. Inú bàálù kò dà bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀: bí wọ́n tilẹ̀ ń fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, bí ẹni dúró lórí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400 ni. Ìwúwo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kéré sí ti etí òkun dáadáa. Nitrogen tó ṣẹ́kù lára lè wá hó nínú oríkèé, nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kódà nínú ọpọlọ. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lójú òfuurufú wà níbi tí kò ti lè rí ìtọ́jú.

Ìlànà tí Divers Alert Network, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, fi lélẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé nínú iṣẹ́ yìí, ni pé ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ dúró ó kéré tán wákàtí 12 kó tó wọ bàálù. Ẹni tó mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wákàtí 18. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Ẹ máa jáde nínú ìmòòkùn kejì ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Láti ìgbà náà sí aago márùn-ún ìdájí jẹ́ wákàtí 16. Kò pé. Èmi fúnra mi kì í gbà fún àwọn àlejò mi kó dín ní wákàtí 24, nítorí 18 yẹn ni ìwọ̀n tó kéré jù, kì í ṣe ìwọ̀n tó fini lọ́kàn balẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò bi yín ní ọjọ́ tí ẹ ó padà kí wọ́n tó gba owó yín. Ẹ rántí ìyẹn. Mo ń padà bọ̀ wá sórí àwọn tí ẹ sanwó fún.

Snorkel kò sí nínú òfin yìí rárá. Ojú omi lẹ máa wà, afẹ́fẹ́ òkè lẹ máa mí, kò sí nitrogen tó ń wọ ẹran ara yín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, ẹ tò ó báyìí: ọjọ́ kejì tí ẹ bá débẹ̀, adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú olùkọ́, ọjọ́ kẹta, Mnemba pẹ̀lú ìgò, bí ọwọ́ yín bá sì dilẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀, ẹ padà lọ fi snorkel ṣeré títí oòrùn á fi wọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èémí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó fẹsẹ̀ kan omi, mo máa ń mú kó sọ òfin kan fún mi lẹ́ẹ̀mẹta: n kò ní sé èémí mi. Òun ló ṣòro jù fún àwa tí a kò dàgbà sínú omi, torí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wẹ̀ wá ní kékeré, bí omi bá ti ń bọ̀ lórí, sísé ni à ń sé e. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀fóró yín bá kún ní mítà 10, tí ẹ sé èémí, tí ẹ sì gòkè wá sójú omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀dọ̀fóró ò láàyè fún ìyẹn, yíya ló máa ya. Kò tiẹ̀ dìgbà tí omi bá jìn. Mítà kan àti díẹ̀, ìyẹn adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì gan-an, ti tó láti ṣe ẹni tó bá sé èémí léṣe.

Nítorí náà ẹ máa mí. Ẹ fà á sínú jẹ́jẹ́, ẹ tú u jáde jẹ́jẹ́, kí ti títú gùn ju ti fífà lọ. Rọ́bà tó wà lẹ́nu yín, tí à ń pè ní regulator, kò ní kánjú yín. Láti 1943 tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ti ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ohun kan náà ló ń ṣe: bí o bá fà á, á fún ọ, bí o bá dákẹ́, á dákẹ́. Bí ó bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ètè títí ẹ ó fi dá a padà. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ má yára ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí nitrogen rí àyè rọra jáde. Olùkọ́ yín á di yín lọ́wọ́ mú níbẹ̀. Ẹ má já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Etí náà ń béèrè sùúrù. Bó ṣe máa ń di nínú bàálù lẹ ti mọ̀. Nínú omi ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìsọ̀kalẹ̀ mítà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì le jù. Ẹ fi ìka méjì fún imú pa, kí ẹ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ títí etí méjèèjì á fi dún pọ́. Ẹ ṣe é ní gbogbo mítà kan, kí ó tó di pé ó ń dùn yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ gòkè díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo fi ọ̀fìnkìn wọ omi nítorí pé n kò fẹ́ pàdánù owó àlejò mẹ́rin. Ní mítà 6, etí òsì mi kọ̀. Mo fipá sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ẹ̀jẹ̀ wà nínú gíláàsì ojú mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò sì fi gbọ́rọ̀ dáadáa lápá òsì. Láti ìgbà yẹn, bí àlejò bá sín lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀, màá bi í léèrè. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín lọ́jọ́ náà, snorkel nìkan ni o. Ẹ má lo oògùn ọ̀fìnkìn kí ẹ lè fi wọ omi, torí ó lè ṣíwọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà nísàlẹ̀.

Ẹ ní ẹ ò mọ̀wẹ̀. Ẹni tó ń wá Open Water, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ fún amòòkùn, lọ́dọ̀ PADI, àjọ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, gbọ́dọ̀ lè wẹ mítà 200, kí ó sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Ìmòòkùn ìtọ́wò, èyí tí ọkọ yín sanwó fún, kò béèrè ìyẹn, kò sì gbọdọ̀ kọjá mítà 12. Olùkọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Torí náà, àìmọ̀wẹ̀ nìkan kò dí yín lọ́nà. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá èèyàn fara balẹ̀ bí omi bá bo ojú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ ìwẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ tí jìnnìjìnnì bò ní mítà méjì. Mo ti rí ìyá àgbà tí kò mọ̀wẹ̀ rárá tó sọ̀ kalẹ̀ bí ewé tó já bọ́ látorí igi, láìsí ariwo.

Oṣù mélòó kan ṣì wà níwájú. Ẹ wá adágún ìwẹ̀ kan ní Ìbàdàn, kí ẹ gba olùkọ́ fún ìgbà mẹ́fà péré. Kì í ṣe kí ẹ di òmùwẹ̀. Kí ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń léfòó lẹ́yìn, kí ẹ sì lè ki ojú bọ omi láìsáré gbé e sókè. Ìyẹn nìkan á yí gbogbo ọjọ́ náà padà fún yín. Nígbà tí ẹ bá wá wọ adágún òtẹ́ẹ̀lì ní Zanzibar, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe títí á fi sú yín: kí omi wọ inú gíláàsì ojú, kí ẹ gbójú sókè díẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tẹ òkè rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ imú títí omi á fi jáde. Mímu omi kọ́ ló ń ba àwọn tuntun lẹ́rù jù. Omi tó yọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ imú ni.

Ẹ tún kọ́ èdè ọwọ́, kí ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó máa ń ṣi àwọn ará ilé wa lọ́nà. Nílé, bí a bá na àtàǹpàkò sókè, ohun tí à ń sọ ni pé gbogbo rẹ̀ dáa. Nínú omi, ohun tó túmọ̀ sí ni pé mo fẹ́ gòkè. Mo ti bá àlejò láti Èkó gòkè ní ìṣẹ́jú kẹta, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó ní kí ló dé tí a kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ní ká máa lọ. Bí ara bá yá yín, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣe òrùka. Bí nǹkan kan bá ń ṣe yín, ẹ tẹ́ ọwọ́ gbalaja kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ wá fi ìka tọ́ka ibi tó ń ṣe yín. Ẹ má sì tijú láti na àtàǹpàkò sókè bí ẹ bá fẹ́ lọ lóòótọ́. Kò sí olùkọ́ tó mọṣẹ́ rẹ̀ tó máa bi yín ní ìdí kí ẹ tó dé òkè.

Ìmòòkùn ẹyọ kan ti tó yín. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín lọ ṣe ẹ̀ẹ̀kejì nìkan bí dókítà bá gbà fún un, kí ẹ̀yin wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí ẹ fi snorkel wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ló máa ń rẹ àwọn tuntun, torí òtútù. Omi yẹn máa gbóná tó ìwọ̀n 28 nínú oṣù kejì, síbẹ̀ omi ń fa ooru kúrò lára nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á. Ẹ béèrè fún aṣọ rọ́bà tó bá yín mu, kí ẹ má gbà pé òkun ibẹ̀ gbóná.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìlera, ibi tí mi ò ti lè rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù ìlera kí ẹ tó wọ omi. Bí ọkọ yín bá dáhùn òtítọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn á mú kí wọ́n béèrè ìwé dókítà. Bí kò bá ní in lọ́wọ́ létí òkun, á ṣe é bíi pé kó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, torí owó ti lọ, ìyàwó sì ń dúró. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ara bá wà nínú omi, ẹ̀jẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ máa ń wọ́ jọ sí àyà, ọkàn á máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ sí i. Àìsàn ọkàn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń pa àwọn amòòkùn tó ti ń dàgbà. Ẹ wa fọ́ọ̀mù náà jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí, kí ọkọ yín gbé e lọ bá dókítà rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n mọ oògùn tó ń lò, kí dókítà sì fọwọ́ sí i bí ó bá tọ́. Bí dókítà bá kọ̀, kí ó gbà. Snorkel náà dùn, bí kò bá ti sí ìgbì tí èèyàn ń bá jà.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AS, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí pé ó kan ọ̀rọ̀ òkun. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ fi ìgò wọ omi. AS kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà nígbà tí ẹ bá tẹ̀ lé ọkọ yín lọ. Ẹ mu omi dáadáa láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má fẹnu kan ọtí, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú yín, ẹ má sì bá ìṣàn omi jà títí á fi rẹ̀ yín. Bí dókítà bá fẹ́ kọ oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní mefloquine fún yín, ẹ ní kí ó yí i padà, torí ó lè mú òòyì kọ́ni, a ò sì ní mọ̀ bóyá oògùn ló fà á tàbí ìmòòkùn.

Ti irun rọrùn. Ẹ di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kékeré, kó lọ láti iwájú sẹ́yìn, kó sùn mọ́ orí. Ẹ má di ṣùkú, torí ibi tó bá ga sí ni okùn gíláàsì ojú fẹ́ jókòó, á sì máa yọ̀ ṣáá. Irun wẹ́wẹ́ iwájú orí ni kí ẹ ṣọ́: ẹyọ mẹ́ta péré lábẹ́ rọ́bà gíláàsì ti tó kí omi máa rọ́ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í sẹ́yìn. Kí ọkọ yín náà fá irunmú rẹ̀, nǹkan kan náà ló ń ṣe. Ẹ tu itọ́ sínú gíláàsì, ẹ fi ìka rà á, kí ẹ fi omi òkun ṣàn án; kò ní fi ìkùukùu bojú yín. Àwọ̀ dúdú sì ń jóná lójú omi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn sàn ju ìpara oòrùn lọ, fún yín àti fún iyùn abẹ́ òkun.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Mnemba. Ìlà oòrùn àríwá Unguja, erékùṣù ńlá Zanzibar, ló wà, ọkọ̀ onígi ló ń gbéni lọ láti Matemwe tàbí Nungwi. Bí awakọ̀ bá ní òun á gbé yín ní saa mbili, kì í ṣe aago méjì. Ní èdè Swahili, àti ìgbà tí oòrùn bá là ni wọ́n ti ń ka wákàtí, torí náà saa mbili ni aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ti fi ìyẹn pàdánù ọkọ̀. Ẹ jẹun fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ ata ilẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ẹ lo oògùn èébì kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ jókòó láàárín ọkọ̀, kí ẹ máa wo ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé. Ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ sórí erékùṣù náà fúnra rẹ̀, torí ti àdáni ni. Àyíká rẹ̀ lẹ wá wò.

Òkun ibẹ̀ ń fà, ó sì ń kún, débi pé nígbà òṣùpá tuntun àti nígbà tí òṣùpá bá dégbá, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó mítà mẹ́rin. Ẹ béèrè wákàtí tí yóò dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí Wattabomi, níbi tí ilẹ̀ ti rọra ń lọ sílẹ̀, kì í ṣe Kichwani tó dà bí ògiri tí ìṣàn sì máa ń le níbẹ̀. Bí olórí ọkọ̀ bá ní omi kò dára lónìí, ẹ má bá a jiyàn. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Nísàlẹ̀, gbogbo nǹkan á tóbi ju bó ṣe rí lọ, á sì sún mọ́ yín. Aṣọ ìwẹ̀ pupa yín á di eérú bí ẹ bá ti kọjá mítà díẹ̀, torí àwọ̀ pupa ni omi ń kọ́kọ́ gbé mì. Ẹ ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ọkọ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti ń wá, torí ìró ń yára nínú omi ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti òfuurufú. Ẹ tẹ́tí sí ìró kan pàápàá: kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni ń rún egungun. Parrotfish ni, ẹja aláwọ̀ búlúù àti ewé tó ń fi eyín họ iyùn jẹ. Ohun tó bá rún ló ń yà jáde ní yanrìn funfun, irú èyí tí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ létí òkun láàárọ̀. Ìgbà gbogbo tí mo bá gbọ́ ọ ni inú mi ń dùn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Iyùn ibẹ̀ kì í ṣe òkúta. Ẹran abẹ̀mí ni, kéékèèké, tí wọ́n kọ́ ilé mọ́ra wọn. Ooru òkun ọdún 1998 sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di funfun, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2016. Ẹsẹ̀ àlejò kan tó dúró lé e lórí lè ba ohun tó dàgbà fún ogún ọdún jẹ́. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ léfòó, ẹ má dúró. Ẹ má lé ìjàpá òkun. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́, òun fúnra rẹ̀ lè kọjá lábẹ́ yín. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí tiyín pẹ̀lú: ohun dúdú tó hu ẹ̀gún bí òòrẹ̀ wà níbi tí omi kò ti jìn, ẹja tí wọ́n ń pè ní lionfish sì wà lábẹ́ àpáta, oró ẹ̀gún rẹ̀ burú. Bí ó bá gún yín, omi gbígbóná tí awọ lè fara dà ni kí ẹ ki ibẹ̀ bọ̀, kí ẹ sì wá dókítà.

Mo ní màá padà sórí àwọn tí ẹ sanwó fún. Ẹ bi wọ́n pé àlejò mélòó ni olùkọ́ kan máa mú sọ̀ kalẹ̀. PADI gba mẹ́rin nínú òkun; fún ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò oxygen inú ọkọ̀ hàn yín, kí wọ́n sì ṣí i kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, torí òun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tí nitrogen bá hó lára rẹ̀. Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìgò tó wà nínú ọkọ̀ ti ṣófo fún oṣù mélòó kan, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó. Ọjọ́ tí mo ṣàkíyèsí rẹ̀ ni mo kúrò níbẹ̀. Ẹ mí nínú regulator yín kí ẹ tó wọ omi. Kò gbọdọ̀ rùn bí epo. Kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú ìgò yín wà ní nǹkan bí bar 200 lójú aago ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó wọ omi, kí ẹ sì ti wà lójú omi kó tó dé 50. Zanzibar ti ń béèrè ìbánigbófò lọ́wọ́ gbogbo àlejò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹ wádìí bóyá ó kan mímòòkùn. Bí kò bá kàn án, ẹ ra ti amòòkùn kún un. Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti gbé ọjọ́ yín síwájú, ẹ fi owó àsansílẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ wá ibòmíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ màmá. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ̀rù wọn tọ́. Òkun tiwa nílé, láti Badagry dé Ìlàjẹ, ìgbì rẹ̀ le, omi rẹ̀ sì rú, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ wo iyùn. Àwọn ọkùnrin tó ń wa yanrìn lọ́sà Èkó ń mòòkùn lójoojúmọ́ pẹ̀lú garawa, láìsí ìgò, láìsí gíláàsì, láìríran, nítorí oúnjẹ. Irú omi tí màmá mọ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn pé ibi tí ẹ ń lọ, èèyàn lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ sì sọ èyí fún wọn, ó ṣeé ṣe kí inú wọn rọ̀. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ ná, erékùṣù Maldives ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1845, àwọn oníṣòwò ará Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó irú mìíràn tó tóbi jù ú lọ láti etí òkun Zanzibar wá sí Ouidah àti Èkó. Wọ́n kó o dé títí owó ẹyọ fi di yẹpẹrẹ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lábẹ́ àpáta ní Mnemba, tó ń rìn, tí awọ ara rẹ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ dúró wò ó dáadáa. Irú èyí tó gbé ọjà Èkó ró tó sì tún bì í ṣubú nìyẹn, láàyè. Ẹ má mú un wálé, àti òkú rẹ̀ àti ààyè rẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ ni kí ẹ mú wá fún màmá.

Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù méjèèjì, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó san owó tó kù. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tuntun tí wọ́n fún yín, àti iye àlejò tí olùkọ́ yín ní òun á mú.